Ṣé rilásà tí wọ́n kọ "mild" sí lára kì í jó èèyàn lóòótọ́?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ọjọ́ o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fúnra mi ṣe rilásà nílé. "Mild", èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù, ni mo máa ń lò, irun mi ò sì já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kéèyàn má dán an wò, kí ló ṣe yín gan-an?

Ìyá Ìbejì: Èmi náà rí "mild" lára ike, mo ní kò lè jó mi. Bí mo ṣe kùn ún tán ni ìpè wọlé, mo gbé e. Kí n tó dé ìdí omi, ẹ̀yìn etí mi ọ̀tún ti ń gbóná janjan. Lọ́jọ́ kejì, omi ń sun níbẹ̀. Ó gbẹ, ó di èépá, èépá lẹ̀ mọ́ irun. Ìgbà tó máa ṣí, tirun-tirun ló bá a lọ. Ó lé ní oṣù mẹ́rin kí ibẹ̀ tó kún.

Àdùkẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àmọ́ ìpè yẹn ló fà á. Èmi kì í kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike.

Ìyá Ìbejì: Mo gbà pé mo pẹ́. Ṣùgbọ́n "mild" yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ tí mo fi pẹ́.

Ọmọ Onídìrí: Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n dá sí i. "Mild", "regular", "super", bí wọ́n ṣe lágbára tó ni wọ́n fi yàtọ̀. pH ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì; bó bá ṣe ju 7 lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni álíkálì tó lè jó awọ ṣe pọ̀ tó. pH rilásà sábà máa ń wà láàárín 12 sí 14, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 7 ni ti omi lásán. Èyí tí wọ́n pè ní "no-lye", ìyẹn èyí tí kò ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ sodium hydroxide, tẹ́ ẹ máa ń po pọ̀ fúnra yín, ó máa ń rọ awọ orí lọ́rùn díẹ̀, àmọ́ ó ń fi calcium sílẹ̀ lára irun, irun á wá gbẹ, á le gbagidi.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹ̀yìn orí. Ẹni tó ń dá ṣe é kò rí i, ó ń kun irun tó ti nà mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Èyí tó ti nà, jíjá ló kù tó máa já. Ẹ fi fasilíìnì pa etí àti ẹ̀bá irun, ẹ má sì họ orí lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é. Bí ìfófòó ọṣẹ tó ń pa kẹ́míkà náà bá ṣì pọ́n, kò tíì tán nínú irun. Ẹ fọ̀ ọ́ títí á fi funfun.

Káyọ̀dé: Ti irun nìkan lẹ ń sọ. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022, lórí obìnrin 33,497. Àwọn tó lo kẹ́míkà tó ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, wọ́n fojú bù ú pé 4.05% wọn ni jẹjẹrẹ ilé ọmọ lè mú kí wọ́n tó pé 70 ọdún. Ti àwọn tí kò lò ó rí jẹ́ 1.64%. Mo fi han ìyàwó mi, ó ti jáwọ́.

Àdùkẹ́: Bọ̀dá, ìyẹn ò sọ pé rilásà ló fà á o.

Káyọ̀dé: Kò sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìwọ ń ṣe é lọ́dún?

Àdùkẹ́: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni, ó ń lọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. N ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó báyẹn.

Ọmọ Onídìrí: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti yá jù, àǹtí mi. Irun tó hù kò tíì gùn tó èyí téèyàn lè yà sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ó di méjìlá.

Àdùkẹ́: Màá dúró. Àbúrò mi ni màá sì jẹ́ kó bá mi kun ẹ̀yìn orí.