25,000 tí wọ́n fẹ́ fún wa, 28,574 tí wọ́n fẹ́ gbà

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni owó ìrànwọ́ ìjọba yìí wà fún gan-an? Inú ń bí mi o.

October 2023 ni wọ́n bọ́ síta pé ìdílé mílíọ̀nù 15 ló máa gba 25,000 náírà lóṣù, oṣù mẹ́ta gbáko, torí wọ́n ti yọ sọ́bsídì epo, gbogbo nǹkan ti wọ́n. January 2024 dé, wọ́n dá gbogbo ẹ̀ dúró, wọ́n ní ìwádìí làwọn ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n tún padà dé, ó di pé àfi kéèyàn ní NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, àti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì. Ó dáa, mi ò bá wọn jà síyẹn, olè pọ̀ níta.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ti Ìyá Gàníyù, àwa àtiwọn la jọ ń gbé fés-mí-àí-fés-yú ní Mushin níbí. Opó ni wọ́n, fùfú ni wọ́n ń tà lọ́jà Ojúwòyè. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣe BVN, ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kàn fi ọjọ́ kìíní oṣù January sí i, kò tiẹ̀ bi wọ́n. Ìgbà tó kan NIN, onítọ̀hún bi wọ́n, wọ́n ní ìyá àwọn sọ pé àsìkò àgbàdo tuntun ni, lẹni yẹn bá tẹ July. Ó tán! Wọ́n ti di èèyàn méjì nìyẹn.

Mo tẹ̀lé wọn lọ sí ọ́fíìsì kan. Arábìnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ gúgúrú, kò gbójú sókè, ó ní "Mama, déètì yín ò bára mu, ẹ lọ tún NIN yín ṣe." Èló? Láti 2025, àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ti di 28,574 náírà! Kéèyàn tó gba 25,000 ó máa kọ́kọ́ san 28,574! Bọ̀dá kan lórí ìlà wá ń sọ fún mi pé ṣebí tí wọ́n bá gba ti oṣù mẹ́ta pé, 75,000 ni, wọ́n ṣì máa jèrè. Èrè bí ti báwo? Ẹni tó ní 28,574 nílẹ̀, kí ló fẹ́ wá tò sínú oòrùn fún?

Ká má tiẹ̀ sọ ti rẹ́jísítà yẹn, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tálákà sí, tí wọ́n ní ará àdúgbò ló ń dárúkọ wọn. Ní Mushin! Níbi tí ojúlé mẹ́wàá ti ń pín ilé ìwẹ̀ kan, ta lẹ fẹ́ yọ sílẹ̀? Ẹni tó bá mọ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń rọ́nà wọlé jàre.

Ẹni tó bá mọ ọ̀gá wọn kan kó bá mi bi í: ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ká ṣe BVN, tẹ́ ẹ tún ní ká ṣe NIN? Ọmọ yín ló tẹ January, ọmọ yín ló tẹ July, kí ló wá kan owó fùfú níbẹ̀?