Ìyá tó pa ẹlẹ́dẹ̀ àti ìyá aládìẹ

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi nípa àwọn ère ara àpáta tó wà ní Baodingshan, ní Dazu, lágbègbè Chongqing ní Ṣáínà. Ère Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀ tó gùn tó mítà 31. Òun kọ́ ló mú mi lọ́kàn. Ìyá kan ni, lórí ibùsùn lóru, oorun ń kùn ún, ó di ọmọ mú kó lè tọ̀. Ibi gbígbẹ ni tọmọ, ibi tó tutù ni tìyá. Abiyamọ wo ni ò mọ ìyẹn?

Oore òbí mẹ́wàá ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Àkọlé kan lára wọn ní òbí ẹni 100 ọdún ṣì ń ṣàníyàn ọmọ ẹni 80 ọdún, kódà bó ti kú tán.

Zhao Zhifeng, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, ló darí iṣẹ́ náà láàárín nǹkan bí ọdún 1174 sí 1252. Ẹjọ́ ló ń fi àpáta rò. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́ tó kọ́ni pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí, ti ń bú àwọn àlùfáà Búdà pé wọ́n fi òbí sílẹ̀, wọ́n fárí, wọn ò bímọ. Ni wọ́n bá gbẹ́ Búdà fúnra rẹ̀, tó ń ru pósí bàbá rẹ̀. Ìdáhùn gidi ni, àmọ́ ti ibùsùn tutù yẹn ló wọ̀ mí lára.

Ibi tí mo ti bá wọn jà nìyí: lábẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí, ọ̀run àpáàdì ni wọ́n gbẹ́ fún ọmọ aláìmoore. Ẹni tí ibùsùn yẹn ò bá yí lọ́kàn, ṣé iná ló máa yí i? Ẹ̀rù lásán ló máa bà á.

Wọ́n sì tún ta kókó sí ara wọn lọ́rùn. Ọ̀kan nínú oore mẹ́wàá ni ti òbí tó pa ẹlẹ́dẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pa ohun ẹlẹ́mìí lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ wọ́n ní ìyá gbà á sọ́rùn nítorí ọmọ. Ó dáa. Ẹ wá rìn síwájú díẹ̀ lára àpáta kan náà, láàárín àwọn ìjìyà ọ̀run àpáàdì. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbẹ̀, ó ṣí àgò adìẹ rẹ̀, adìẹ méjì ń fa ekòló kan mọ́ra wọn lẹ́nu. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé ó ń sin adìẹ lọ.

Ìyá aládìẹ wà nínú iná, ìyá tó pa ẹlẹ́dẹ̀ wà lókè láàárín àwọn olóore. Ta ló sọ fún wọn pé ìyá aládìẹ ò ní ọmọ tó ń fi owó adìẹ bọ́?