Ọdún tó parí sí mẹ́fà kọ́ ló pa wọ́n

Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gbà, níbi tí àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ti máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, ẹ wò ó, 1966 ni wọ́n pa Tafawa Balewa. 1976 ni wọ́n pa Murtala Muhammed. 1986 ni bọ́ǹbù pa Délé Gíwá. 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá. 2006 ni wọ́n ká Fúnṣọ́ Williams mọ́lé, wọ́n pa á. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, Èkó sì ni wọ́n ti ká gbogbo wọn mọ́. Ẹnì kan á mi orí, á ní ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. Òmíràn á ní ilẹ̀ Èkó ló ń bèèrè ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan la fẹ́ràn irú ìṣirò yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi Abraham Lincoln wé John Kennedy. Wọ́n dìbò yan Lincoln ní 1860, wọ́n dìbò yan Kennedy ní 1960. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n yìnbọn lu àwọn méjèèjì, orí nìbọn ti bà wọ́n, ìyàwó wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Johnson lorúkọ ẹni tó gorí àlééfà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Nígbà tó yá ni àwọn kan wá fi irọ́ bù mọ́ ọn, wọ́n ní Lincoln ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Kennedy. Irọ́ ni o. Nicolay àti Hay ni àwọn akọ̀wé rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá ìjọra kiri, kò ní í ṣàì rí i. Ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1865 ni wọ́n yẹgi fún mẹ́rin lára àwọn tí wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ nínú ikú Lincoln. Ọjọ́ 7, oṣù Keje náà ni M.K.O. Abíọ́lá kú sínú àhámọ́ ní 1998. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ìṣirò ti Ojúẹlẹ́gbà pàápàá ń jò. Ọdún 1995 ni wọ́n pa Alfred Rewane nínú ilé rẹ̀ n'Ìkẹjà, bàbá tó ń náwó lé ìjà NADECO, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba ológun fa á. Ọdún 2001 ni wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Òru ọjọ́ tí wọ́n gbé Balewa lọ náà ni wọ́n pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn àti Ahmadu Bello ní Kaduna. Àwọn wọ̀nyí ò bá òǹkà mu, la bá yọ wọ́n sẹ́yìn. Ohun tó sì burú nínú eré náà ni pé bí a bá ti di ẹ̀bi ru ọdún àti ilẹ̀, àwọn tó fa ìbọn yọ ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Bí a bá fẹ́ fi ikú àwọn èèyàn yìí wéra, ohun tí ìjọba ṣe lẹ́yìn ikú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yẹ ká gbé síwájú.

Tíṣà ni Balewa kó tó di olóṣèlú àti olórí ìjọba Nàìjíríà, ẹni jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ dùn létí débi tí wọ́n fi ń pè é ní ohùn wúrà. Oníkàn ni àwọn sójà ti wá mú un lóru mọ́jú ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Wọ́n mú àwọn ọ̀gá sójà tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, àmọ́ Ironsi, ọ̀gá ológun tó gba ìjọba lẹ́yìn náà, ò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ, àwọn sójà Òkè Ọya ń wò ó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 29, oṣù Keje, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn gbẹ̀san: wọ́n mú Ironsi àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, n'Ìbàdàn, wọ́n sì pa wọ́n lọ́nà Lálúpọn. A ò sọ pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ì bá dá ogun abẹ́lé dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìtàn ọdún yẹn dáadáa á rí i pé gbogbo oṣù tí wọ́n fi fà á sẹ́yìn ni inú ń bí àwọn èèyàn sí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti Murtala. Ọkọ̀ Mercedes dúdú tí wọ́n pa á sí nínú wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń na ìka sí i, wọ́n á máa ka àwọn ihò náà títí tíṣà á fi ní kí wọ́n máa bọ̀. Olórí orílẹ̀-èdè ni, kò sì sí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 13, oṣù Kejì yẹn. Ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ n'Ìkòyí, nítòsí Sẹkitéríàtì, bíi gbogbo èèyàn. Òun, awakọ̀ rẹ̀ àti Akíntúndé Akinṣẹ̀hìnwá, ọ̀dọ́mọkùnrin sójà tó ń bá a rìn, kú síbẹ̀. Dimka, ọ̀gá sójà tó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà, gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ, ó ní kí gbogbo ìlú wọlé láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà alẹ́, òfin kónílé-ó-gbélé tó jẹ́ pé ojúmọmọ lèèyàn máa fi sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìdìtẹ̀ náà ti fọ́. Nínú oṣù Kẹta, ọwọ́ tẹ Dimka. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa òun àti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní wọ́n bá a lọ́wọ́ sí i.

A ò yin ẹjọ́ abẹ́lé tí àwọn sójà dá láàárín ara wọn, tí ará ìlú ò gbọ́ ẹ̀rí ibẹ̀. A ò sì ní í sọ Murtala di ẹni mímọ́ nítorí ikú tó kú: àwọn ará Asaba ò lè gbàgbé bí àwọn ọmọ ogun abẹ́ rẹ̀ ṣe pa èèyàn wọn ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1967, ó sì wà lára àwọn aṣáájú ìdìtẹ̀ oṣù Keje, ọdún 1966. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé nígbà tí wọ́n pa ẹni tó wà lórí àga, oṣù mẹ́ta péré ni ìjọba fi mọ ẹni tó ṣe é, ibi tó sá gbà, àti ẹni tó gbà á sílé.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ti Délé Gíwá. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, láàfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe olóṣèlú, àmọ́ ìwé ìròyìn Newswatch tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá sílẹ̀ lágbára ju ẹgbẹ́ òṣèlú lọ láyé ológun tí kò sẹ́gbẹ́ òṣèlú kankan. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, ọmọ rẹ̀ gba àpò ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn n'Ìkẹjà, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí Gíwá ṣe fẹ́ ṣí i ló bú gbàù. Ẹni ọdún 39 ni. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti pè é, tí wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn sì pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Òwe gidi ni, àmọ́ adájọ́ ò lè fi òwe de ènìyàn. Ẹ̀rí ló ń fẹ́, ìjọba nìkan ló sì lágbára láti kó ẹ̀rí jọ nígbà náà. Kò kó o. Gàní Fawẹ̀hìnmi, lọ́yà rẹ̀, ló gba ilé ẹjọ́ lọ, ó jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ títí wọ́n fi gbà ní 1987 pé ọmọ ìlú lásán náà lẹ́tọ̀ọ́ láti pe apànìyàn lẹ́jọ́. Òfin tuntun ni ìyẹn bí fún wa, àmọ́ ẹjọ́ Gíwá fúnra rẹ̀ kò yọrí síbì kankan. Ní oṣù Kejì, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá tún pàṣẹ pé kí ìjọba padà wádìí ikú rẹ̀ àti ti àwọn akọ̀ròyìn mìíràn.

Ti Kudirat ló dé ilé ẹjọ́ jù, òun náà ló sì dunni jù. Obìnrin yìí jókòó ti ìjà ọkọ rẹ̀, M.K.O., lórí ìbò ọdún 1993 tí ológun fagi lé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti yí fìlà. Ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ epo nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994. Ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1996 ni wọ́n fi mọ́tò lé e bá l'Orégùn, wọ́n yìnbọn lu òun àti awakọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ológun lọ, sójà kan tí wọ́n ń pè ní Sergeant Rogers sọ ní kọ́ọ̀tù pé òun lòun yìnbọn, pé wọ́n rán òun ni. Lẹ́yìn náà ló tún yí ohùn padà. Ọdún tó ń lọ sí mẹ́tàlá ni ẹjọ́ náà fi rìn. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún Hamza al-Mustapha, olórí ààbò fún Abacha tó jẹ́ olórí ológun nígbà náà, àti Lateef Shofolahan, ẹni tó ń bá Kudirat ṣiṣẹ́. Ní oṣù Keje, ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí tí ìjọba kó wá ń tako ara wọn. Àwọn adájọ́ ti sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe àwọn, ta ni? Ìbéèrè yẹn ni kò sẹ́ni tó tún bi ọlọ́pàá láti ìgbà náà.

Ti Fúnṣọ́ Williams ò gùn. Ẹnjiníà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́, ó ti gbé àpótí gómìnà Èkó lábẹ́ PDP ní 2003, ó sì tún ń múra fún 2007. Ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 2006, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Dolphin Estate. Wọ́n kó àwọn kan lọ sílé ẹjọ́. Ní 2014, adájọ́ dá wọn sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ò tó. Ó parí síbẹ̀.

Ohun tí Èkó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó sọ òpópónà lórúkọ òkú. Balewa gba pápá Oníkàn, Murtala gba pápá ọkọ̀ òfuurufú, Kudirat gba títì l'Orégùn, nítòsí ibi tí wọ́n pa á sí. Wọ́n fi Western Avenue dá Fúnṣọ́ Williams lọ́lá, àmọ́ àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń pe Western Avenue. A ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n pátákó títì ò lè rọ́pò fáìlì.

Ọ̀nà wà, ó sì wà lọ́wọ́ ìjọba Èkó ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ká mọ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Oputa, èyí tó ń wádìí bí ìjọba ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, gbọ́ ẹjọ́ káàkiri, tí wọ́n sì kó àbọ̀ wọn fún ìjọba àpapọ̀ ní 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2003 pé ìjọba àpapọ̀ ò lágbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ olùwádìí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni. Abẹ́ ìdájọ́ yẹn ni wọ́n sá sí tí wọn ò fi tẹ àbọ̀ náà jáde. Ó dáa. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni, ṣebí ìpínlẹ̀ ni Èkó? Èkó lófin tirẹ̀ lórí ìgbìmọ̀ olùwádìí, òun náà ni wọ́n lò ní 2020 tí adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi fi jókòó ní Lẹ́kkí lórí ọ̀rọ̀ SARS. Ohun tí ìjọba ṣe sí àbọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn dun ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ gbogbo ayé ló gbọ́ ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e padà sínú dúrọ́ọ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Wọ́n pa Thomas Sankara, olórí Burkina Faso, ní Ouagadougou ní 1987, ọdún kan lẹ́yìn Gíwá. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ Burkina Faso dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Blaise Compaoré, ẹni tó gorí àlééfà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sá kúrò nílùú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò tíì gbà lórí ẹni tó wà lẹ́yìn ikú Kennedy títí dòní, síbẹ̀ wọ́n ṣòfin ní 1992 pé kí wọ́n ṣí àwọn fáìlì rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jiyàn, wọ́n níwèé tí wọ́n máa fi jiyàn. Tiwa dà?

Àwọn mìíràn á ní ìjọba tó wà ní Aláúsá ò lè wádìí ikú ẹni tó bá wọn du ipò. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kó máà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa darí rẹ̀. Adájọ́-fẹ̀yìntì láti ìta Èkó ni kí wọ́n fi ṣe alága, gbangba ni kí wọ́n jókòó, kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n máa gbé e, kí òfin sì dá ọjọ́ tí àbọ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó sì ṣòfin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé fáìlì ìpànìyàn tó bá ti pé ọdún 20, tí ẹjọ́ kankan ò sì lọ lórí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n ṣí i fún mọ̀lẹ́bí òkú àti àwọn akọ̀ròyìn.

Ọ̀dọ̀ Fúnṣọ́ Williams ni a fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ṣì súnmọ́ jù. Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ wọ ilé náà, dókítà tó yẹ òkú náà wò, àwọn lọ́yà tó kó ẹ̀rí lọ sí kọ́ọ̀tù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì darúgbó tí wọn ò fi ní í lè rántí ohun tí wọ́n rí. Kí kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ fi ìwé pè wọ́n.