Ta ló ń bọ́ ọkọ̀ Mauretania? Kì í ṣe olówó

Bí a bá dárúkọ àwọn ọkọ̀ ojú omi ràgàjì tó ń ná ọ̀nà England sí New York ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwòrán kan náà ló ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: àtẹ̀gùn onígi dídán, obìnrin tó fi péálì sọ́rùn, ọkùnrin tó ń fa sìgá nínú àga tìmùtìmù. Wọ́n á ní àwọn olówó yìí ló ń gbé ọkọ̀ ró, pé àwọn tálákà ìsàlẹ̀ kàn rí àyè sá pamọ́ sábẹ́ òjìji wọn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí, torí ó gba iyì kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ẹ wo Mauretania, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Cunard. Wallsend, létí odò Tyne, ni wọ́n ti kàn án, ó sì gbéra ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Liverpool ní November 1907. Àyè nǹkan bí 560 èèyàn ló wà ní kíláàsì kìíní, nǹkan bí 460 ní ìkejì. Kíláàsì kẹta nìkan lé ní 1,100. Bí ẹ bá da àwọn méjì àkọ́kọ́ pọ̀, wọn ò tó ìkẹta.

Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Ọmọ Ireland, ọmọ Sweden tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tó pín, Júù tó ń sá fún ìyà ní Russia. Aṣojú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ a máa tajà tíkẹ́ẹ̀tì dé ìletò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n tó ti ríṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni yóò sanwó ọ̀nà àbúrò ránṣẹ́ sílé. Ní 1907 yẹn nìkan, àwọn tó wọ Amẹ́ríkà láti wá gbé ibẹ̀ lé ní 1,285,000. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san kò pọ̀, ṣùgbọ́n àyè tó gbà kéré, oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, ìránṣẹ́ tó ń dá a lóhùn kò tó nǹkan. Olówó ńkọ́? Yàrá rẹ̀ fẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ kì í tán lórí tábìlì, ìránṣẹ́ rẹ̀ kì í sinmi. Mi ò sọ pé owó rẹ̀ kò wúlò. Mo ní òun nìkan kọ́.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ pàápàá, owó ìjọba wà nídìí rẹ̀. Ní 1902, ilé iṣẹ́ J. P. Morgan, olówó ará Amẹ́ríkà, ra White Star, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Britain tó ń bá Cunard díje, ọkọ̀ Jámánì ló sì ń yára jù lórí òkun. Àyà ìjọba Britain já. Ní 1903 wọ́n bá Cunard ṣàdéhùn pé àwọn yóò yá a ní 2,600,000 pọ́n-ùn, lórí èlé tí kò pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, láti fi kan Mauretania àti ìkejì rẹ̀ Lusitania, àwọn yóò sì máa fi 150,000 pọ́n-ùn kún un lọ́dọọdún. Bí ogun bá dé, ìjọba lè gbà wọ́n lò. Owó àpò lẹ́tà tún wà lọ́tọ̀, òun ni RMS tó ṣíwájú orúkọ ọkọ̀ náà ń sọ: ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́tà ọba.

Ẹ wá bá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èrò ọkọ̀ kì í dé. Bọ́ílà 25, ìyẹn àgbá ńlá tí wọ́n fi ń se omi kí ooru rẹ̀ lè yí ẹ̀rọ ọkọ̀; ẹnu iná 192. Èédú tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ kan tó nǹkan bí 1,000 tọ́ọ̀nù, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń dà á síná fún wọn. Ṣọ́bìrì ni, àti apá èèyàn. Wákàtí mẹ́rin ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ kí àwọn mìíràn tó gbà á. Àwọn kan ń fi báró ti èédú wá, àwọn kan ń jù ú síná, wọ́n á sì wa eérú jáde nínú ooru yẹn. Bí èédú ìtòsí bá ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà báró ń gùn sí i. Láti 1909 di 1929, kò sí ọkọ̀ tó gba ipò ìyára lọ́wọ́ Mauretania. Títí wọ́n fi sọ ọ́ di ọkọ̀ elépo lẹ́yìn ìjàm̀bá iná kan ní 1921, apá àwọn wọ̀nyí ló ń sáré.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn. Òfin 1921 fi ìwọ̀n sí iye àjèjì tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín in sí oṣooṣù. Ni àwọn ọkọ̀ bá ń dúró lẹ́yìn èbúté New York ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn oṣù. Bí aago méjìlá òru bá ti lù, wọ́n á sáré wọlé kí àyè tó kún, torí ẹni tí wọ́n bá kọ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ gbé e padà. Torí olówó kọ́ ni wọ́n ṣe ń sáré òru yẹn. Òfin 1924 wá fún ẹnu ọ̀nà pa, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ṣófo, kíláàsì kìíní kò sì lè dí àlàfo náà. Ni àwọn ilé iṣẹ́ bá tún yàrá kíláàsì kẹta ṣe, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ wo Yúróòpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.