Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 lórí Micra tí mọ́mì fi ń kọ́ mọ́tò

Ẹ kú ilé o ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì kú ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ohun tí ẹ kọ, mo wá ní kí n fèsì níbí náà kí ẹni tó bá rí tiyín lè rí tèmi. Ẹ ní ẹ wá ra mọ́tò tí mọ́mì máa fi kọ́ wíwà lọ́dọ̀ wa ní Challenge n'Ìbàdàn, a ta Micra 2000 mánúwà fún yín, èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ọwọ́ tó pààrọ̀ jíà, kò tó oṣù 2 tí kílọ́ọ̀ṣì fi jó, ẹ náwó ńlá lórí ẹ̀, mọ́mì sì ti ní àwọn ò kọ́ mọ́tò mọ́. Ẹ ní kílọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ́ẹ́ kú la tà fún yín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kílọ́ọ̀ṣì yẹn ò ṣàìsàn nígbà tí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà á dé Mọ́lété lọ́jọ́ náà, ẹ gùnkè, ẹ dúró nínú gosiló, ẹ tún gbéra, kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n a jẹ̀bi. Ẹ̀bi wa kì í ṣe èyí tí ẹ kọ síbí, èyí tí mo fojú ara mi rí ni, lọ́jọ́ Tuesday tí mo wá sílé yín tí mi ò bá yín.

Mo bẹ mọ́mì pé kí wọ́n wọnú mọ́tò, kí wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, kí wọ́n má tan án o, kí wọ́n kàn tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún mi kí n wò ó. Síítì yẹn wà níbi tí ẹ̀yin tì í sí, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ga. Mọ́mì ní láti yọ ẹ̀yìn kúrò lára síítì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fa ara wọn mọ́ sitẹ́rìn, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì gbọọrọ, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan pẹ́dà, pẹ́dà ò sì wọlẹ̀ tán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, ìka mi mẹ́rin ló ṣì gbà láàrin pẹ́dà àti ilẹ̀ mọ́tò. Mo ní mọ́mì, ṣé báyìí lẹ ṣe ń wà á látọjọ́ yìí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn rò pé bó ṣe ń le nìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ ọ, àti pé ibi tí dádì, ìyẹn ẹ̀yin, bá fi síítì sí làwọn máa ń fi í sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Torí ohun tó jó kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Tí ẹsẹ̀ ò bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, pléètì inú ẹ̀ ò ní tú kúrò lára irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, á ṣì máa họ ọ́, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá, ibẹ̀ náà ni òórùn jíjó tí ẹ kọ pé ẹ ń gbọ́ nínú ọgbà ti ń wá, jíà á sì máa ké kíràà bí ẹni ń lọ irin. Ẹ tún wá fi kún un pé ẹni tó ń kọ́ wọn ò tíì fi háńbíréèkì gbígbéra lórí òkè hàn wọ́n, ààbọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń di mọ́tò mú lórí òkè, n'Ìbàdàn wa yìí tí kò sí àdúgbò tí kò lókè.

Ibi tí tiwa wà nìyí: mọ́mì bá yín wá lọ́jọ́ tí ẹ ra mọ́tò. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, báàgì wọn lórí itan, títí a fi lọ tí a fi bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ síwájú. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin ni mo gbé e fún, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi kọ́ mọ́tò. Ẹ má bínú sí mi. Látọjọ́ Tuesday yẹn, a ò ta mọ́tò ìkọ́ṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ẹni tó máa wà á ò bá tíì jókòó sí i, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀ kí orúnkún ẹ̀ ṣì ká díẹ̀, kó sì rí títì níwájú láìna ọrùn.

Ní ti pé ó yẹ ká ti jẹ́ kí ẹ mú Highlander 2004 tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, mi ò gbà fún yín níbẹ̀ o. Jíìpù yẹn lé ní mítà 4 àbọ̀, Micra ò tó mítà 4, ẹni tí ò tíì mọ ibi tí imú mọ́tò parí sí, ẹnu géètì yín tó há yẹn ló máa fi kọ́ ọ. Lánpù iwájú Micra kan, kò sí ibi tí ẹ ò ti ní rí i rà n'Ìbàdàn, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe kabúkabú káàkiri, mẹkáníìkì tí ò sì mọ̀ ọ́n tú níbí, mi ò tíì pàdé ẹ̀. Mọ́tò tí èèyàn máa fi kọ́, á fara gbá nǹkan, ká má tan ara wa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí àtúnṣe ẹ̀ ò ní dá ìjà sílé.

Ti àbúrò yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní mánúwà ni kí ẹ rà torí lọ́hùn-ún ẹni tó bá fi ọ́tò, èyí tí kò ní pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, ṣe ìdánwò, ọ́tò nìkan ni láísẹ́ńsì ẹ̀ máa jẹ́ kó wà, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ní òun máa fi ránṣẹ́ látọ̀hún yẹn, ẹ dákun ẹ má gbà á, ọ̀tún ni sitẹ́rìn tiwọn wà torí òsì títì ni wọ́n ń gbà, àwa sì ti kúrò ní òsì bọ́ sí ọ̀tún látọjọ́ 2 oṣù April 1972. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, báwo ló ṣe fẹ́ rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú tó bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀?

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Ìdajì owó kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ san, a máa dá a padà, ẹ mú rìsíìtì mẹkáníìkì wá. Ẹ gbé Micra náà wá lọ́jọ́ Sátidé, a máa fa síítì síwájú, a máa fi tìmùtìmù líle sẹ́yìn mọ́mì. Tí ẹsẹ̀ wọn bá wọlẹ̀ tán, ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n máa fi Micra yẹn kọ́ ọ lọ, torí wọ́n ti mọ sitẹ́rìn ẹ̀, wọ́n sì ń wo mírọ̀ dáadáa, mo rí i bẹ́ẹ̀. Tí kò bá wọlẹ̀, Corolla ọ́tò kan wà nílẹ̀ tí síítì ẹ̀ ṣeé gbé sókè, a máa pààrọ̀ ẹ̀ fún yín, iye tí ẹ ra Micra náà la máa yọ nínú owó ẹ̀, a ò ní yọ kọ́bọ̀ kan lára ẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ mọ́mì kí wọ́n bá yín wá. Bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sọ́jà ni kí wọ́n wọ̀ wá o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ òde, òun la máa fi wọn síítì.