Ìbàdí Ìyá àti Bàbá La Ní Kẹ́ Ẹ Fi Hàn Wá

Àjọ tó ń fún àwọn ajá ní ìwé ìran ti tún sún ọ̀rọ̀ síwájú. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni pé ẹni tó bá wù kó ya fọ́tò X-ray ìbàdí ajá tó fẹ́ fi bímọ, ẹni tí kò bá wù kó má yà á, ìwé kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì máa gbà. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ra ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́ kó tó pé ọmọ ọdún méjì, ta ló bi í bóyá ó fẹ́?

Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a ti kọ ọ́ síhìn-ín pé ìjà àárín àwọn tó ń sin ajá tà àti àwọn oníbàárà wọn kò lè tán ní kóòtù, nítorí ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ kò ṣeé dá. Ẹni tó rà á á ní, "Abirùn lẹ tà fún mi." Ẹni tó tà á á fèsì pé, "Ara rẹ̀ le koko nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Àjẹjù tí ẹ ń fún un ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀." Dókítà ẹranko méjì á wá jẹ́rìí, ẹnu wọn kò ní kò, adájọ́ á sì sọ ohun tí inú ẹnì kankan kò ní dùn sí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn olùtà ní ọ̀rọ̀ sọ. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní hip dysplasia, níbi tí orí egungun itan kò ti jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí, kò ní jíìnì kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń pawọ́ pọ̀ fà á, oúnjẹ àti ìsanra sì ń dá kún un. Wọ́n ti fi ajá Labrador 48 ṣe ìwádìí rí ní Amẹ́ríkà, láti kékeré títí tí wọ́n fi kú. Wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín oúnjẹ ìdajì wọn kù sí ti àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù ni oríkèé dídùn pẹ́ kó tó mú, wọ́n sì fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Kódà, bàbá àti ìyá tí ìbàdí wọn dá ṣáṣá lè bí ọmọ tí tirẹ̀ kò dá.

A gbà. Kò sí olùtà tó lè ṣèlérí ìbàdí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni láti wo ti ìyá àti ti bàbá kó tó jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Bóyá ó wò ó tàbí kò wò ó, ìwé á sọ ọ́, ìyẹn kò sì gba ẹlẹ́rìí méjì.

Ọ̀nà mìíràn kò sí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọmọ ajá sábà máa ń lọ sílé oníbàárà. Àyẹ̀wò PennHIP, ìyẹn fọ́tò X-ray tó ń wo bí oríkèé ìbàdí ṣe dẹ̀ tó, tó sì ṣeé tètè ṣe, ń dúró de ọ̀sẹ̀ 16. OFA, àjọ tó ń yẹ fọ́tò ìbàdí ajá wò, tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1966, kì í fi òǹtẹ̀ àṣekágbá lu ìbàdí ajá tí kò tíì pé oṣù 24. Ìwé ìlera tí dókítà fọwọ́ sí lọ́jọ́ títà wá ń kọ́? Etí, eyín àti ọkàn ló lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ìbàdí.

Ẹ wá wo ìwé àdéhùn tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn. Gárántì ọdún kan, pẹ̀lú gbólóhùn kékeré kan nísàlẹ̀: ẹni tó bá ní ẹ̀sùn, kó dá ajá padà kó gba òmíràn. Ajá ti pé oṣù mẹ́jọ. Tó bá ń sáré, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro. Tó bá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á dúró, á máa wo ojú olówó rẹ̀. Àwọn ọmọdé ti fún un lórúkọ, ẹsẹ̀ ibùsùn wọn ló ń sùn. Ta ló fẹ́ dá a padà? Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣe é, ìdí tó fi kọ ọ́ nìyẹn. Òfin California gbà kí oníbàárà mú ajá rẹ̀ dání, kí olùtà sì san owó ìtọ́jú dé ìlọ́po kan àbọ̀ iye tó tà á, bí dókítà bá rí àrùn àjogúnbá náà láàárín ọdún kan. Ó dára ju dá-a-padà lọ, ṣùgbọ́n ọdún kan kò tíì tó oṣù 24.

Àjọ wa ní bí àwọn bá sọ àyẹ̀wò di dandan, àwọn tó ń sin ajá á sá lọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùsin ajá German Shepherd ní Jámánì kì í jẹ́ kí ajá bímọ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, ẹgbẹ́ náà kò sì tú. Ẹni tó bá máa sá nítorí fọ́tò, kó máa lọ. Ìwé ta ló ń gbé kiri tẹ́lẹ̀, tó fi ń rí oníbàárà?

Àyẹ̀wò nìkan náà kò tó. Lọ́dọ̀ OFA pàápàá, olówó ajá ló ń yàn bóyá kí èsì tí kò dára hàn sí gbogbo ayé, fọ́tò burúkú mìíràn kì í sì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀ dókítà rárá. Kí dókítà fúnra rẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà microchip, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ ajá láti dá a mọ̀, ìbàdí àti ìgbọ̀nwọ́ pọ̀, kí èsì sì jáde, ìbáà dára, ìbáà burú. Kí gárántì dé oṣù 30, kí gbólóhùn dá-a-padà sì kúrò nínú rẹ̀.

Wọ́n ní ó di ìpàdé ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó dìgbà náà, kí wọ́n tẹ gbólóhùn kan gàdàgbà sórí ìwé gbogbo ọmọ ajá tí òbí rẹ̀ kò ní fọ́tò: "A kò mọ bí ìbàdí ìyá àti bàbá ajá yìí ṣe rí." Ìyẹn kò gba ìpàdé.