Rédíétọ̀ Bàbà Tó Wúwo Kọ́ Ló Ń Mú Ọkọ̀ Tutù

"Gbé e wò ná. Ṣé ó wúwo? Bàbà nìyẹn, má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Kubwa, l'Abuja, ló gbà mí nímọ̀ràn yìí nígbà tí Corolla mi, ti ọdún 1999, bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí mo ń wá rédíétọ̀ mìíràn, ẹ̀rọ tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù. Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́. Ẹ dé Apo, ẹ dé Kugbo, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí, ẹ kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ rédíétọ̀, orin kan náà lẹ máa gbọ́: aluminium tó ní táǹkì ike, ayédèrú ni, bàbà tó nípọn, tó ní ìlà páìpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òun ni ooru àríwá ò lè rí gbé ṣe. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ra tokunbọ̀ bàbà kan tó wúwo bí ọlọ. Nínú oṣù Kẹta, lójú ọ̀nà Kaduna, a ò tíì dé Tafa tí èéfín omi fi yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá yé mi. Peugeot ni àwọn bàbá wa tó wà lókè ọya ń gùn. Ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Kaduna, rédíétọ̀ bàbà ló sì pọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbà yẹn. Bó bá ń jò, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbàlódé ní ọjà Panteka ní Kaduna, wọ́n á fi òjé dí i, ó parí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé bàbà rọrùn láti tún ṣe. Táǹkì ike tó bá ti sán, ẹ jù ú nù ni. Ṣùgbọ́n ká rí nǹkan tún ṣe lọ́tọ̀, kó mú omi tutù lọ́tọ̀.

Wọ́n á ní bàbà ń gbé ooru ju aluminium lọ. Òótọ́ ni. Nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí irin ṣe ń gbé ooru, bàbà gba nǹkan bí 400, aluminium gba nǹkan bí 235. Àmọ́ ẹ tú ohun tí à ń pè ní rédíétọ̀ bàbà wò. Ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni bàbà. Páìpù tí omi ń gbà kọjá, idẹ ni, tirẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 120 lọ. Òjé tí wọ́n yọ́ láti fi so ìyẹ́ mọ́ páìpù ò tó ìdajì idẹ. Nínú tokunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún, òjé yẹn á ti máa jẹrà, ìyẹ́ á máa ṣí kúrò lára páìpù díẹ̀díẹ̀. Ti aluminium, irin kan náà ni páìpù àti ìyẹ́, inú iná ìléru ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Páìpù rẹ̀ tún lè fẹ̀ tó íǹṣì kan, nígbà tí ti idẹ kì í sábà ju ìdajì íǹṣì lọ, torí bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ipá omi á wú u. Ìdí nìyẹn tí aluminium onílà méjì fi lè ṣiṣẹ́ tí bàbà onílà mẹ́rin ń ṣe.

Nínípọn ni wọ́n fi mú mi jù. Ká ní atẹ́gùn ìta wà ní dígírì 40, omi inú rédíétọ̀ wà ní 95. Ìlà àkọ́kọ́ pàdé atẹ́gùn tó fi 55 tutù ju omi lọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn ti gbóná kó tó dé ẹ̀yìn. Bó bá dé ìlà kejì ní 60, ìyàtọ̀ ti di 35. Ìlà kẹta ń jẹ àjẹkù. Bó ṣe ń nípọn sí i náà ni ó ń ṣòro fún fáànù láti fa atẹ́gùn kọjá, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, níbi tí fáànù nìkan lẹ gbójú lé. Fáànù Corolla kékeré ni.

Bàbá ọmọ Ọ̀fà kan tó ń tún rédíétọ̀ ṣe ní Zuba ló fi tèmi hàn mí. Ó dà á dé, ó da omi sí i lókè. Omi ń kán nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ ń sunkún àìdénú.

"Èyí tó pọ̀ jù nínú páìpù rẹ̀ ti dí," ni bàbá wí. "Ta ló ní kó o rà á?"

"Bàbá, ó wúwo ni."

"Ìdọ̀tí náà wúwo."

Ó tún na ọwọ́ sí ohun tí mi ò rí. Jíà automatic ni mò ń lò, òróró jíà sì máa ń gba inú táǹkì rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Ti ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ni mo rà, kò ní ihò méjì tí òróró ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde, ọmọ iṣẹ́ kan sì ti fi họ́ọ̀sì so páìpù òróró méjèèjì pọ̀. Jíà ni ì bá jóná lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ewu kejì wà nínú tokunbọ̀: bí ìyàrá òróró inú rẹ̀ bá lu, omi àti òróró á dàpọ̀ bíi fúrà, jíà ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ti àtijọ́ ni kẹ́ ẹ gbé dání lọ sọ́jà. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn ibi tó ní ìyẹ́, láìka táǹkì mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí họ́ọ̀sì wà, ihò òróró jíà, àti ibi tí fáànù ń so mọ́. Àlàfo tó bá ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa gbà sá lọ. Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ fọ eruku ọyẹ́ tó wà láàárín rédíétọ̀ àti condenser AC (èyí tó jọ rédíétọ̀, tó wà níwájú rẹ̀), kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí tó ń di ipá omi mú dáadáa ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100. Ní Jos tó ga tó nǹkan bí mítà 1,200, omi lásán ń hó ní nǹkan bí 96. Ẹ má sì bu omi mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, sínú aluminium tuntun. Omi kànga ẹ̀rọ tó ń fi funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù yín á ṣe bẹ́ẹ̀ nínú páìpù. Kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kẹ́ ẹ lò.

Aluminium ni mo fi sí i. Ẹ̀yìn ilé ni bàbà yẹn wà títí baban bola kan, ẹni tó ń ra àlòkù irin, fi ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n, inú rẹ̀ dùn, kò ná owó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n dúró tì wá, ó ń wo owó tí wọ́n ń kà sí mi lọ́wọ́.

"Ṣó o rí i?" ló wí. "Mo sọ fún ẹ pé ojúlówó ni."